Òjò Oṣù Mẹ́rin ní Àtọ̀sìn

Ẹ̀yin ará ilé, láti ọjọ́ tí mo ti padà dé Ṣakí ni ẹ ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: ṣé lóòótọ́ ni òkè Ìdànrè ju òkè Àṣàbàrí wa lọ? Mo ní ó jù ú lọ, ẹ sì fajú ro. Ẹ má bínú. Kì í ṣe òkè ni mo lọ wò. Agolo kan ni mo lọ wò, agolo tí òjò ń rọ̀ sí, àti ìwé tí wọ́n ń kọ òjò náà sí. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí títí di ìsinsìnyí, bí mo bá di ojú mi pẹ́rẹ́, ibẹ̀ ni mo máa ń bá ara mi.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ mi kò yé púpọ̀ nínú yín. Màámi máa ń sọ fún àwọn ará ìjọ pé mò ń bá wọn ka òjò. Ọ̀rọ̀ náà kò kúkú jìnnà sí òótọ́. Ibùdó kéékèèké wà káàkiri inú igbó àti orí pápá, tí àwọn olùwádìí gbé kalẹ̀ láti máa wọn òjò, ooru, afẹ́fẹ́ àti omi odò. Ẹnì kan ló sábà máa ń wà níbẹ̀ tó ń ka nǹkan wọ̀nyí láràárọ̀, tó sì ń kọ wọ́n sílẹ̀. Èmi ni wọ́n ń rán lọ wò bóyá ohun tí ẹni náà ń kọ ṣe é gbà gbọ́. Mo máa ń wo agolo, mo máa ń wo igi tó wà nítòsí rẹ̀, mo máa ń wo ìwé. Nígbẹ̀yìn, ènìyàn ni mo máa ń wò.

Ìwé ti Àtọ̀sìn, ní ìhà Ìdànrè, ti wà lórí tábìlì mi fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó gbéra. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló ti ń kọ ọ́ láti ọdún méjìdínlógún. Ìwé tó dára ni. Òjò inú rẹ̀ rí gbágungbàgun bí òjò ṣe máa ń rí: lónìí mìlímítà méje, lọ́la mẹ́tàlá, lọ́tunla ẹyọ kan péré. Ṣùgbọ́n nínú ọdún tó ṣáájú èṣí, oṣù mẹ́rin wà tí gbogbo òjò wọn jẹ́ márùn-ún, mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún. Òjò kì í rọ̀ báyẹn. Ènìyàn ló máa ń ronú báyẹn.

Òfin ọ́fíìsì wa sì le. Bí a bá rí ayédèrú nínú ìwé ibùdó kan, gbogbo ìwé náà la ó dà nù, a ó sì ti ibùdó náà pa. Ọ̀gá mi sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé, "Mojí, bó o bá ti rí i pé irọ́ ni, má fi àkókò ṣòfò. Tì í." Mo ní ó dáa, sà.

Òdòdè

Oorun ti gbé mi lọ nínú ọkọ̀ kí a tó dé Òdòdè, ìlú tó wà lẹ́sẹ̀ òkè Ìdànrè. Nígbà tí mo lajú, mo rò pé mo ṣì ń lá àlá. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Àwọn àpáta dúró yí ìlú ká, dúdú, wọ́n ń dán, ìkùukùu sì so mọ́ wọn nídìí bí ìró. Omi ń ṣàn wálẹ̀ lára wọn ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, láìdún. Àwọn ilé pa ara wọn mọ́ sísàlẹ̀, páànù wọn ti pọ́n. Àṣàbàrí tiwa máa ń dúró bí àgbàlagbà kan tó ń ṣọ́ ọmọ. Àwọn òkè Ìdànrè ní tiwọn, ńṣe ni wọ́n jókòó bí ẹbí tó ń ṣèpàdé, tí àlejò já lù wọ́n láàárín ọ̀rọ̀. Mo kí wọn nínú mi. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ì bá kí wọn.

Ìyá àgbà kan tó ń gba àlejò sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni mo dé sí lọ́dọ̀. Màmá Fọlákẹ́ ni wọ́n ń pè é. Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Ó dá mi lóhùn ní èdè Ìdànrè, mo gbọ́ ìdajì, ìdajì kejì sì gba ẹ̀gbẹ́ etí mi kọjá bí orin tí mo mọ ohùn rẹ̀ ṣùgbọ́n tí n kò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó rí i lójú mi, ó sì yí sí èdè tí a jọ ń sọ.

"Ọ̀yọ́ ni ẹ́," ó wí.

"Ṣakí ni, mà."

"Ọ̀yọ́ náà nìyẹn."

Kò bi mí ní nǹkan kan mọ́ títí mo fi jẹun. Iyán ni, pẹ̀lú ìgbín àti olú tí wọ́n ṣà nínú igbó láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ń pe iṣu ní uṣu, ó sì ń wo ẹnu mi bí mo ṣe ń jẹ ẹ́, bí ẹni ń wò bóyá bàtà tuntun bá ọmọ lẹ́sẹ̀ mu. Mo ti jẹ iyán láti kékeré, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n olú yẹn rọ̀ lẹ́nu mi, ó ń ta sánsán bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, mo sì tún bu sí i. Ìgbà tí mo fọwọ́ tán ni Màmá tó wí pé:

"Gbogbo àlejò tó ń wá síbí, òkè ni wọ́n ń wá gùn. Kí nìwọ wá ṣe?"

"Agolo òjò kan ni mo wá wò ní Àtọ̀sìn, mà."

"Agolo," ni Màmá wí. Ó kó àwo nílẹ̀. "Ó dáa. Olúwa á jẹ́ kó o bá a láyọ̀."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣílẹ̀kùn, n kò rí ìlú mọ́. Ìkùukùu ti sọ̀kalẹ̀ gbé e mì, òkè, ilé, ọ̀nà, gbogbo rẹ̀. Ohùn nìkan ló kù. Mo gbọ́ ìgbálẹ̀, mo gbọ́ àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n ń kí ara wọn lédè òyìnbó, mo gbọ́ obìnrin kan tó ń kọ orin ìjọ bọ̀ láti òkè, kò sì sí ara tó ni àwọn ohùn náà. Ẹnì kan kí mi ní "ẹ kú àárọ̀ o," mo jẹ́ ẹ, n kò mọ ẹni tí mo jẹ́ fún. Lọ́dọ̀ wa, ènìyàn máa ń rí ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, á ti múra ìkíni sílẹ̀. Níbí, ìkíni ló ń ṣáájú ènìyàn.

Ọ̀nà oko

Inú oko kòkó ni ibùdó Àtọ̀sìn wà. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá tíì wọ oko kòkó rí, ẹ fojú inú wò ó báyìí: ojú ọ̀run tó tẹ́jú lórí wa nílé ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, ìmọ́lẹ̀ sì ń jò sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín ewé. Kòkó so mọ́ ìtí igi gan-an, ní pípọ́n, bí ẹni fi àtùpà kọ́ ògiri. Ewé gbígbẹ bo ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi ń gbọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń tẹ̀ lé e.

Bàbá Dèbórà, tó ń kọ ìwé òjò náà, ti dúró dè mí lójú ọ̀nà. Ó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún, ó rù díẹ̀, ó dé fìlà funfun ìjọ Aládùúrà. Láti Ìkirè ló ti wá ní ọ̀dọ́mọkùnrin, tó wá ṣe lébìrà nínú kòkó. Títí dòní, kòkó olókòkó ló ń tọ́jú, tí òun àti onílẹ̀ sì ń pín in. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò yá. Ọwọ́ òsì ló fi bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì tọrọ gáfárà.

"Ẹ káàbọ̀, mà," ó wí.

"Bàbá, ẹ má pè mí ní mà. Ọmọ yín ni mí."

"Iṣẹ́ yín ni mò ń kí," ó wí, ó sì ṣáájú mi.

Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní Bàbá Olójò. Bí a ṣe ń lọ, obìnrin kan bi í láti ojú pẹpẹ tó ń sá kòkó sí pé ṣé kí òun kó o wọlé. Bàbá gbójú sókè sí àlàfo kan láàárín ewé, ó wò ó sùn-ùn, ó ní kó fi í sílẹ̀ di ọ̀sán. Obìnrin náà kò bi í lẹ́ẹ̀kejì.

Ibùdó náà kò ju ọgbà kékeré kan lọ: àpótí funfun tí ohun tí a fi ń wọn ooru wà nínú rẹ̀, agolo òjò lórí òpó, àti ahéré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a dé ẹnu ọgbà, Bàbá bọ́ bàtà. Èmi náà bọ́ tèmi.

"Ilẹ̀ mímọ́ ni, Bàbá?"

"Rárá o. Ẹrẹ̀ ni. Bàtà máa ń ta ẹrẹ̀ sínú agolo."

Agogo mẹ́sàn-án lù. Ó da omi agolo sínú ife gíláàsì onílà, ó bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi ṣe déédéé pẹ̀lú omi, ó sì dá èémí dúró. Kò mí títí ó fi kà á tán. Èmi náà kà á; iye kan náà ni. Mo da omi tí mo ti wọ̀n fúnra mi sínú agolo lẹ́ẹ̀mẹ́ta, láìsọ iye rẹ̀ fún un, ó sì kà á bó ṣe yẹ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo wọn jíjìnnà igi. Ọsàn kan ti fẹ́ na ẹ̀ka wá sítòsí, ẹnì kan ti gé e. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín: mo ti dé ibùdó tí irin iṣẹ́ wọn ń tàn yinrin, tí aláǹgbá ń sùn nínú agolo wọn. Ti Bàbá yìí mọ́ ju yàrá mi lọ.

Ìdí nìyẹn tí ẹnu mi fi wúwo nígbà tí a jókòó sábẹ́ ahéré. Mo ṣí ìwé sí oṣù mẹ́rin yẹn, mo sì tì í síwájú rẹ̀.

"Bàbá, èyí ńkọ́?"

Ó wò ó pẹ́. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Dèbórà, ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ nídìí ààrò. Mo rí i tí ó dẹ́kun títì iná.

"Bó ṣe rọ̀ náà ni mo kọ ọ́," ni Bàbá wí.

Ohùn rẹ̀ kò rí bíi ti ẹni tó ka omi láàárọ̀. N kò bá a jà. Mo pa ìwé dé, wọ́n sì gbé oúnjẹ wá: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sísun pẹ̀lú epo àti iyọ̀. Lẹ́yìn náà Ìyá la kòkó kan fún mi. Mo ju èso funfun rẹ̀ sẹ́nu, mo sì gé e jẹ. Ó korò dé ọ̀fun. Tọkọtaya náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

"A kì í jẹ ẹ́," ni Ìyá wí. "Ara rẹ̀ la máa ń fà mu, a ó sì tu kóró rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin ará òkè ọ̀hún ń mu kòkó inú ife, ẹ ò mọ̀ ọ́n."

Ọ̀rọ̀ Ìyá Dèbórà

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, onílẹ̀ ránṣẹ́ pe Bàbá, ó sì ku èmi àti Ìyá. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ kan fún mi, a jókòó, a ń la kòkó. Òjò wẹ́liwẹ́li ń bọ́ sórí ewé lókè, kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ọwọ́ rẹ̀ ń yára bí ẹni ń ran òwú. Tèmi ń bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ fẹ́ ti ibí yìí pa," ó wí, láìwò mí.

"Ta ló sọ fún yín, mà?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Bí ẹ ṣe pa ìwé dé lánàá ni mo fi mọ̀."

N kò lè purọ́ fún un. Mo ṣàlàyé òfin wa. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró.

"Ọkọ mi ò sí nílé láwọn oṣù yẹn. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kú lẹ́ẹ̀kan náà, láàárọ̀, ní ẹnu ọgbà ibí yìí. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, láti ibẹ̀ wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìkirè. Oṣù mẹ́rin. Èmi ni mo dúró ti kòkó."

"Ta ló wá kọ ìwé?"

"Òun náà ni. Orí ibùsùn, ọwọ́ òsì. Ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á gbé agolo fún ẹlòmíràn. Ó máa ń bi ẹni tó bá ti ìhà ibí wá pé ṣé òjò rọ̀, ṣé ó pọ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ ló ń kọ. Nígbà tó fi padà dé, wọ́n ti bá a fi ìwé náà ránṣẹ́ sí yín."

Mo gbé kòkó ọwọ́ mi sílẹ̀. Ẹjọ́ ti tán, mo rò bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni, ẹnu ìyàwó rẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ ọ. Ó kù kí n kọ ọ́.

"Ẹ dìde," ni Ìyá wí. "Ẹ tẹ̀ lé mi."

Ó mú mi wọ yàrá kékeré tí wọ́n ń kó àpò kòkó sí. Ó fa àpò mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kò tóbi ju ìwé ìròyìn tí a ṣí lọ, ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ sì gbà á wọlé bọ́ sórí ìgò. Ìgò, ẹ̀yin ará ilé. Wọ́n lé ní àádọ́ta. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò, ìgò epo tí wọ́n ti fọ̀, ìgò oògùn, ìgò rọ́bà. Gbogbo wọn ló ní omi nínú, òmíràn títí dé ọrùn, òmíràn bíi síbí méjì péré. Ó ti fi ọ̀rá di ẹnu wọn, ó sì ti yọ́ àbẹ́là ìjọ sórí rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń mì lára ògiri. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé ọ̀kan sókè.

"Kí ni gbogbo èyí?" ni mo bi í.

"Òjò ni," ni Ìyá wí. "Èmi ò mọ̀wé. N kò lè ka ìlà ara ife yẹn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohun tó wà nínú agolo láàárọ̀ ni ọkọ mi máa ń fẹ́. Mo bá ń pa á mọ́ dè é. Ti ọjọ́ kan, ìgò kan. Bó bá pọ̀ jù, ìgò méjì ni mo so pọ̀."

"Báwo lẹ ṣe mọ ọjọ́ wọn?"

Ó na ọwọ́ sí igun òrùlé, ó fa okùn kan sílẹ̀. Okùn náà gùn. Kókó kan fún ọjọ́ kan, láti àárọ̀ tí wọ́n gbé Bàbá lọ títí di ọjọ́ tó padà. Ọjọ́ tí òjò kò rọ̀, kókó lásán ni. Ọjọ́ tó rọ̀, ó so òwú funfun mọ́ kókó náà, ó sì so ẹlẹgbẹ́ òwú náà mọ́ ọrùn ìgò, pẹ̀lú ìdì tó bá ara wọn mu.

Àwọn òwú méje wà tí wọn kò funfun. Pupa ni.

"Àwọn wọ̀nyẹn ò sí mọ́," ó wí. "Arábìnrin kan ń rọbí nínú ìjọ, ó ti di ọjọ́ kejì. Wọ́n wá omi òjò tí kò kan ilẹ̀ láti fi gbàdúrà. Èmi nìkan ni mo ní in. Mo fún wọn ní méje. N kò lè sọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó."

"Ó bí i?"

"Ó bí i. Ọmọ náà ti ń rìn báyìí."

Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ fún ọkọ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ó tún okùn náà ká.

"Kí n sọ kí ni? Kí n ní irọ́ lẹ kọ, òótọ́ wà lẹ́yìn àpò kòkó? Ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn."

Ọ̀sán tí a fi wọn òjò

N kò fẹ́ wọ̀n wọ́n lẹ́yìn Bàbá. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìyá. Nígbà tí Bàbá dé, òun fúnra rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ wọ yàrá náà. Èmi dúró síta. N kò gbọ́ ariwo kankan. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Bàbá jáde, ó gba iwájú mi kọjá, ó lọ dúró síbi ọgbà agolo rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa. Òjò wẹ́liwẹ́li náà ti wá já ewé kọjá, ó ń pa á. Kò kúrò. Ìyá sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí, ojú rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀.

Nígbà tó padà, ife gíláàsì ló mú dání.

"Ẹ jẹ́ kí n kà á fúnra mi," ó wí fún mi. "Ẹ̀yin ẹ kọ."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣe é. Ìyá ń fi ọ̀bẹ ha àbẹ́là kúrò lẹ́nu ìgò, ó ń pe ọjọ́ lórí okùn. Bàbá ń da omi sínú ife pẹ̀lú ọwọ́ òsì, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń dá èémí dúró. Èmi ń kọ. Ìgò àkọ́kọ́ ni ti àárọ̀ tí wọ́n gbé e lọ.

"Mo gbọ́ òjò yìí," ni Bàbá wí. "Nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé mi lọ. Ó ń lu páànù lórí mi." Ó kà á. "Mọ́kànlá."

Mo wo ìwé. Ogún ló kọ síbẹ̀.

"Mo rò pé ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀," ó wí.

Gbogbo ọ̀sán yẹn, òjò tó ti rọ̀ tán láti ọjọ́ pípẹ́ ń rọ̀ padà ní ojú wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe tò. Ìyá máa ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ wọn. Ti ọjọ́ tí ewúrẹ́ wọ ọgbà. Ti ọjọ́ tí Dèbórà, ọmọ wọn tó wà ní Àkúrẹ́, wá bẹ̀ ẹ́ wò. Ti ọjọ́ tí kò gbọ́ ìròyìn kankan láti Ìkirè, tó rò pé ọkọ òun ti kú, síbẹ̀ tó da omi agolo sínú ìgò kó tó sunkún. Bàbá gbọ́ èyí, ó gbé ife náà sílẹ̀, ó sì tún gbé e. "Mẹ́rin," ó kà, mo sì kọ mẹ́rin.

Mo rí àléébù pẹ̀lú, ẹ má rò pé n kò rí i. Díẹ̀ nínú àwọn ìgò rọ́bà ti súnkì. Ó lè jẹ́ pé omi ti dín nínú wọn. Kì í ṣe agogo mẹ́sàn-án ni Ìyá ń da agolo, bí kò ṣe ìgbà tí àdúrà òwúrọ̀ bá parí. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Òwú pupa méje ńkọ́? Mo fa ìlà síbẹ̀.

Nígbà tí ìgò tó gbẹ̀yìn ṣófo, Bàbá gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó fi iye méjèèjì wéra, ti orí ibùsùn àti ti inú ìgò. Kò sí oṣù kan tí wọ́n bára mu.

"Mo parọ́ mọ́ òjò," ó wí. "Kò sì ṣẹ̀ mí."

Ìyá ti da gbogbo omi náà jọ sínú àgbá kan, kò gbà kí a sọ ọ́ nù. Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó bu díẹ̀ níbẹ̀, ó fi bọ́jú.

Ohun tí mo kọ

Mo padà sí Òdòdè, mo sì pe ọ̀gá mi lórí fóònù láti ẹ̀yìnkùlé Màmá Fọlákẹ́, pẹ̀lú àwọn òkè wọ̀nyẹn tí wọ́n tẹ́tí sí mi.

"Ìgò?" ni ọ̀gá mi wí. "Mojí, ṣé ara rẹ yá?"

"Ara mi yá, sà. Ìdí tí a fi ń da ìwé nù ni pé a kì í mọ ibi tí irọ́ parí sí. Èyí, mo mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo mọ ọjọ́ tó parí. Ó wà lórí okùn."

"Ta ni yóò gba okùn gbọ́?"

"Mo ti fi í wé ìwé ibùdó Aládé tí mo mú dání, ibùdó tí kò jìnnà síbẹ̀. Ọjọ́ tí òjò rọ̀ lórí okùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló rọ̀ níbẹ̀ náà. Ti Bàbá kò rí bẹ́ẹ̀."

 Ó ní kí n kọ gbogbo rẹ̀, kí n má fi ohunkóhun pamọ́, àti èyí tó lè ba ọ̀rọ̀ wọn jẹ́, àti ìgò méje tó lọ sí ìjọ. Òun kò ṣèlérí.

N kò sùn dáadáa lẹ́yìn ìgbà yẹn. Mo dágbére fún tọkọtaya náà láìlè sọ bí yóò ṣe rí fún wọn. Ìyá di ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún mi. Bàbá sìn mí dé títì, ó ní, "Bí wọ́n bá tì í, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ irọ́." Mo wo ẹ̀yìn títí igbó fi bò ó.

Mo ti dé Ṣakí, ìsinmi mi sì ti ń tán lọ, kí ìdáhùn tó dé. Wọn kò da ìwé náà nù. Wọ́n fa igi lé oṣù mẹ́rin orí ibùsùn, wọ́n fi ti inú ìgò rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì kọ àlàyé sí i pé ìgò ni, kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó ṣọ́ra. Ọjọ́ méje ṣófo. Wọ́n ní Bàbá kò gbọdọ̀ dá nìkan kà á mọ́: ẹni méjì ni yóò máa fọwọ́ sí i láràárọ̀, Ìyá Dèbórà sì ni ẹnì kejì. Bàbá ti ń kọ́ ọ ní nọ́ńbà.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, Dèbórà fi àwòrán ojú ìwé oṣù yìí ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ọwọ́ méjì ló kọ ọ́. Ti Bàbá wà níbẹ̀, tó tẹ̀ sósì. Ti Ìyá tóbi, nọ́ńbà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró gbọn-in bí ẹni tí wọ́n ń yà ní fọ́tò. Mo ń fi ìka mi tẹ̀ lé wọn wálẹ̀: mẹ́sàn-án, òdo, mẹ́tàdínlógún, méjì. Nígbà tí mo dé àárín oṣù, n kò bá nọ́ńbà níbẹ̀. Bàbá ló kọ ohun tó wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i:

"A lọ sìnkú ní Ìkirè. Òjò rọ̀ lẹ́yìn wa, ewúrẹ́ sì da agolo nù. A ò mọ iye rẹ̀."